Ọ̀rọ̀ Martyn Tí Hedley Gbé Lọ fún Àǹtí Ishbel

Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni Hedley Sugden ní láti sọ, ọ̀rọ̀ náà kò sì gùn. Martyn, àbúrò rẹ̀, ti kú. Àǹtí wọn tó ń gbé ní Lybster, lókè lọ́hùn-ún níbi tí ilẹ̀ Scotland ti fẹ́ tán, ni kò tíì gbọ́. Gbogbo ẹbí ti gbọ́, gbogbo àdúgbò wọn ní Halifax, ní Yorkshire, ti gbọ́, ẹni tó ń ta ìwé ìròyìn gan-an ti gbọ́. Àǹtí Ishbel nìkan ló kù. Hedley ló sì fẹnu ara rẹ̀ kìlọ̀ fún ẹbí pé, "Ẹ má sọ ọ́ fún un lórí fóònù o. Èmi ni màá lọ sọ ọ́ lójúkojú."

Ẹ má tíì bínú sí wọn pé wọ́n fi pamọ́. Nígbà tí Martyn kú, nínú oṣù kejì, ilé ìwòsàn ni Àǹtí wà, òtútù ti wọ̀ ọ́ láyà, dókítà sì ń mirí. Martyn ọ̀hún sì rèé, òun ni obìnrin yìí fi ṣe ọmọ. Lẹ́yìn tí ìyá àwọn Sugden kú, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni wọ́n gbé Martyn lọ, ọmọdé tí kò tíì lè so okùn bàtà ara rẹ̀. Ta ló fẹ́ dúró ti bẹ́ẹ̀dì ẹni tó ń mí hẹlẹhẹlẹ, kó ní ọmọ yín ti kú? Beryl, ìbátan wọn tó wà ní Carlisle, ló ní kí wọ́n jẹ́ kí ara ìyá náà yá ná. Ara rẹ̀ yá, ẹnu wọn kò yá. Tí Àǹtí bá pè, tó ní kí wọ́n fún òun ní Martyn, wọ́n á ní ó jáde. Lójoojúmọ́ ni irọ́ náà ń le sí i, títí ẹ̀ẹ̀rùn fi dé.

Hedley fúnra rẹ̀ ńkọ́? Hedley kò mọ nǹkan kan lára. Òun ló bá Martyn nílẹ̀ nínú gáràjì, àkísà tó fi ń nu ṣéènì alùpùpù rẹ̀ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọkàn rẹ̀ ló daṣẹ́ sílẹ̀. Hedley pe ọkọ̀ ìlera, ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn tó bá a wá, ó sì tún bi wọ́n bóyá wọ́n á mu tíì. Lọ́jọ́ ìsìnkú, tí àwọn oní-alùpùpù tò tẹ̀lé pósí, tí títì kún fọ́fọ́, òun ló ń gbé bisikíìtì kiri fún àlejò. Àwọn èèyàn ní ọkùnrin gidi ni. Ọkùnrin gidi wo? Ó dà bí ìgbà tí oníṣègùn eyín bá gún èèyàn lábẹ́rẹ́ lẹ́rẹ̀kẹ́, téèyàn ń fọwọ́ kàn án tí kò mọ̀ pé òun ló ni ín. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ara Hedley rí. Ó ń jẹun, ó ń sùn, ó ń fá irùngbọ̀n. Ẹkún kò wá. Kò sì sí ìgbà kankan tó tíì fẹnu ara rẹ̀ sọ pé Martyn kú, torí ibikíbi tó bá dé, wọ́n ti máa ń sọ ọ́ fún un kó tó la ẹnu.

Awakọ̀ bọ́ọ̀sì ni kó tó fẹ̀yìn tì. Martyn ní tirẹ̀ ń tún ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru ṣe. Láti ìgbà èwe wọn, tí ẹ̀ẹ̀rùn bá ti dé, àwọn méjèèjì á di ẹrù sẹ́yìn alùpùpù, wọ́n á sì yí ilẹ̀ Bìrìtéènì po. Wọn kì í sùn ní hòtẹ́ẹ̀lì. Ilé oní-alùpùpù bíi tiwọn ni wọ́n ń sùn, tàbí ilé ẹbí. Láàárín àwa tá à ń gùn ún, àlejò ló ń ni gáràjì: onílé á ti tirẹ̀ síta sínú òjò, á gbé ti àlejò wọlé. Tí o kò bá lè ṣe ìyẹn, má pe ara rẹ ní oní-alùpùpù lójú wa.

A tún ní òfin kan. Tí èèyàn méjì bá jọ ń lọ, ẹni tó wà níwájú kò gbọdọ̀ yà ní oríta kankan àfi tó bá rí iná ẹni ẹ̀yìn nínú dígí rẹ̀. Kó dúró. Tí kò bá rí i títí, kó yí padà lọ wá a. Hedley ló máa ń wà níwájú nígbà gbogbo, Martyn lẹ́yìn, torí Martyn fẹ́ràn láti máa wo òkè, wo àgùntàn, wo odò, bí ẹni tí kò rí omi rí.

Nítorí náà, nígbà tí Hedley dá nìkan gbéra lọ́dún yìí, ọ̀nà tí wọ́n máa ń gbà náà ló gbà. Wales ló kọ́kọ́ yà sí, nílé Tudor Pugh ní Bala. Tudor ti ti alùpùpù tirẹ̀ sínú òjò kí Hedley tó débẹ̀.

"Ahun ọmọ Yorkshire!" Tudor pariwo látẹnu ọ̀nà. "O tún ti gbé ikùn rẹ wá!"

"Oúnjẹ ìyàwó ẹ ni mo wá jẹ," Hedley dáhùn. "Ìwọ kọ́ ni mo wá wò."

Tudor rẹ́rìn-ín, àmọ́ ẹ̀rín náà kú sí i lẹ́nu. Ó fọwọ́ nu ojú. "A gbọ́ nípa Martyn. Mi ò mọ ohun tí mo lè sọ, Hedley. Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́, mi ò mọ̀ ọ́n."

"Kò sóhun tó o fẹ́ sọ," Hedley wí. "Ṣéènì ẹ ti dẹ̀."

"Ó ti dẹ̀ lóòótọ́," ni Tudor wí. Ni àwọn ọkùnrin méjèèjì bá bẹ̀rẹ̀ mọ́ ṣéènì nínú òjò, wọ́n ń fún un le, títí Nerys, ìyàwó Tudor, fi yọrí lójú fèrèsé tó bi wọ́n bóyá orí wọn pé.

Ní Carlisle, Beryl kò ṣẹ̀fẹ̀ rárá. Ó gbé búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ síwájú Hedley, ó fà á lápá aṣọ. "Tó o bá débẹ̀, má yí i po. Sọ ọ́ kó o tó bọ́ akoto lórí. Tó o bá ti jókòó tí tíì ti dé ọwọ́ ẹ, ó tán, o ò ní sọ ọ́ mọ́."

"Màá sọ ọ́."

"Sọ ọ́ fún mi kí n gbọ́. Báwo lo ṣe máa sọ ọ́?"

Hedley wo búrẹ́dì. "Beryl, jẹ́ n jẹun."

Ó jẹ ẹ́ tán, kò mọ̀ bóyá ó níyọ̀.

Ó wá kọjú sí òkè, sí Scotland. Àwọn oní-alùpùpù tó ń bọ̀ láti iwájú ń mi orí sí i bí a ti máa ń ṣe, òun náà ń mi tirẹ̀. Ilẹ̀ ń lọ lábẹ́ táyà. Nílé ọ̀rẹ́ kan ní Inverness tó sùn sí, wọ́n bá a kẹ́dùn, ó ní ẹ ṣeun. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì, ó ti ra epo ní Helmsdale, ó ti gun òkè Berriedale tó rì gbuu wọ àfonífojì tó tún ta sókè, tí ọ̀nà ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ, òkun sì wà lápá ọ̀tún. Ó dé oríta Latheron, níbi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Lybster kò jìnnà mọ́.

Ó dúró. Ó gbẹ́sẹ̀ lélẹ̀, ó wo dígí.

Mọ́tò kan kọjá, òmíràn tó kó koríko kọjá. Hedley ń wo dígí. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé Martyn ti dúró wo òkun nìyẹn, ìwà ẹ̀ náà ni. Ó pa ẹ́ńjìnnì kí epo má baà ṣòfò. Ó dúró títí ó fi sú àwọn àgùntàn tó ń wò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, tí wọ́n bá tiwọn lọ. Ìgbà yẹn ni ẹ̀rù dé. Kọ́nà Berriedale! Martyn kò sì ní gbọ́ràn kó rọra. Ni Hedley bá yí padà, ó fi eré sí i.

Gbogbo kọ́nà ló rọra wò. Ó wo inú kòtò, ó wo abẹ́ igbó. Kò rí alùpùpù pupa Martyn, kò rí nǹkan kan. Ó dé Helmsdale, ó sáré wọ ilé epo tó ti rà lẹ́ẹ̀kan.

"Ẹ jọ̀ọ́, màdáámù, ṣé ẹ rí èkejì mi? Ó gun alùpùpù pupa. Ó wà lẹ́yìn mi."

Obìnrin tó ń gbowó epo wò ó. "Ìwọ nìkan ni mo rí lónìí, ọ̀rẹ́ mi. Àbí ó gun orí Berriedale láìra epo?"

"Ẹ̀yìn mi ló máa ń wà."

"Jésù! Kọ́nà burúkú yẹn. Jókòó, ojú ẹ ti funfun. Ṣé kí n pe ọlọ́pàá?"

Ọlọ́pàá. Ọ̀rọ̀ yẹn ló ta Hedley jí. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ìbọ̀wọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì rántí gáràjì. Ohun tó yẹ kó sọ kò ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ: ẹ má pe ẹnì kankan, àbúrò mi ti kú. Ó la ẹnu, kò jáde. Ojú tì í pẹ̀lú. Ta ni yóò sọ fún àlejò pé òkú lòun ń wá kiri inú kòtò?

"Rárá," ló sọ. "Ó lè ti gba ọ̀nà mìíràn."

"Ibo lẹ̀ ń lọ gan-an?"

"Ọ̀dọ̀ Ishbel Gunn, ní Lybster."

"Ishbel! Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó. Máa lọ, máa rọra o. Tí mo bá rí i, màá ní o ti lọ síwájú."

Hedley dúpẹ́, ó jáde. Kò mọ̀ pé kó tó gun alùpùpù rẹ̀, obìnrin náà ti gbé fóònù. Lágbègbè yẹn, wọn kì í fi ẹni tó sọ nù lọ́nà sílẹ̀ fún ọlọ́pàá. Ará ilé ni wọ́n ń pè.

Bó ṣe ń gun Berriedale padà, ó rí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó rìn jẹ́jẹ́ bọ̀ lódìkejì, tí ọkùnrin kan yọrí látojú fèrèsé tó ń wo kòtò. Ó rí òmíràn tó dúró, tí àwọn méjì tó wọ bàtà apẹja ń sọ̀ kalẹ̀ sínú igbó. Kò yé e. Ó mi orí sí wọn, ó kọjá.

Lybster ló ti yé e. Àǹtí Ishbel dúró lẹ́bàá títì níwájú ilé, ó wọ kóòtù lé épírọ́ọ̀nù, afẹ́fẹ́ òkun ń gbé irun funfun rẹ̀ kiri. Ó ti rù gan-an lẹ́yìn àìsàn yẹn. Hedley kò tíì pa ẹ́ńjìnnì tí ìyá náà ti dì í lápá mú.

"Má bẹ̀rù. Má bẹ̀rù, ọmọ mi. Donnie aládùúgbò mi ti kó àwọn apẹja lọ, wọ́n á rí i. Ṣé o ti mu nǹkan? Ẹran wà nínú ààrò, tiyín méjèèjì. Àbí kí lo ṣe tó ò wẹ̀yìn? Mo ti ń sọ fún un, máa rìn bí èèyàn, Martyn, máa rìn bí èèyàn, kò gbọ́!"

"Àǹtí, ẹ pè wọ́n padà."

"Kí n pe ta ni padà? Orí ẹ dàrú ni?"

"Ẹ pe Donnie. Wọn ò ní rí i."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ọmọ Mackay ṣubú níbẹ̀ lọ́jọ́sí, ẹsẹ̀ ẹ̀ nìkan ló kán, wọ́n gbé e jáde. Má fẹnu ẹ pe ohun tí kò ṣẹlẹ̀."

Akoto ṣì wà lórí Hedley. Ó rí àwọn ọkùnrin yẹn lójú ara rẹ̀, nínú ẹ̀gún, tí wọ́n ń pe orúkọ Martyn. Kò sí ibi tó lè sá sí mọ́.

"Martyn ti kú, Àǹtí. Láti oṣù kejì. Nínú gáràjì ló ti ṣubú. Ilé ìwòsàn lẹ wà nígbà náà."

Àǹtí kò jù ú sílẹ̀.

"Nígbà tí mo pe ilé yín lọ́jọ́ Àjíǹde, tí Beryl wà lọ́dọ̀ yín," ó ní, "Beryl ní ó lọ ra búrẹ́dì."

"Irọ́ ni."

"Mo ní kó máa wọ fìlà. Mo ní kí wọ́n sọ fún un."

"Ẹ má bínú, ma."

"Gbogbo yín mọ̀?" Ohùn rẹ̀ ga wàyí, inú ń bí i, ó ń fi ìkúùkù lu jákẹ́ẹ̀tì Hedley láyà, ìkúùkù tí kò lágbára. "Beryl mọ̀, Yorkshire mọ̀, gbogbo ayé mọ̀, èmi ni mò ń yan ẹran dè é?"

"Gbogbo wa la mọ̀, Àǹtí."

Ọwọ́ ìyá náà dúró. Ó gbójú sókè, ó wo ojú Hedley láàárín akoto, ó wò ó dáadáa.

"Ta lo wá padà lọ wá ní Helmsdale lónìí?" ó béèrè. "Hedley. Ṣé ìwọ mọ̀?"

Hedley fẹ́ ní bẹ́ẹ̀ ni. Òun ló bá a nílẹ̀, òun ló pa ojú rẹ̀ dé.

"Mi ò mọ̀," ó ní. "Nísinsìnyí ni mo gbọ́."

Ó jókòó sẹ́bàá títì yẹn, ẹkún sì dé. Àǹtí Ishbel bá a jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dì í mú, kò ní kó dákẹ́.