Yèyé Tó Ń Fi Ìlà Kan Sílẹ̀ fún Ọ̀la

Gbà, gbà, gbà. Igi pẹlẹbẹ tí Yèyé fi ń gbá òwú pọ̀ lára òfì rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ gbọ́ nígbà tí mo lajú. Lẹ́yìn náà ni òórùn òrí tí wọ́n fi pa mí ní orúnkún. Orí ẹní ni mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì, ìgò omi gbígbóná tí wọ́n fi àkísà wé wà lábẹ́ itan mi. Egungun ń ro mí bíi kí n yọ ọ́ sọnù. Yèyé kò bi mí bóyá ó ti lọ sílẹ̀.

"Mu omi rẹ, ọma mi," ló wí. "Tèmi náà ń ro mí."

Yèyé kì í ṣe ìyá tó bí ìyá mi. Aládùúgbò wa ni nílùú Oǹdó, níbi tí wọ́n ti ń pe ọmọ ní ọma, ògiri kan ṣoṣo ló là wá láàrin. Kíjìpá ló ń hun, aṣọ nínípọn tí àwọn obìnrin ń hun lórí òfì tó dúró ti ògiri. Làkúrègbé ti bá ìka àti orúnkún rẹ̀ jà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ní foníkú-fọládìde, àrùn inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bí mọ́ mi. Tíṣà ni ìyá mi. Ọjọ́ tí ara mi kò bá gbà mí láti lọ sílé ìwé, ọ̀dọ̀ Yèyé ló ń fi mí sí. Bí aláìsàn kan ṣe ń tọ́jú aláìsàn kejì nìyẹn, a sì ń rẹ́rìn-ín ju àwọn tí ara wọn le lọ.

Ohun kan wà tí Yèyé máa ń ṣe tó ń bí mi nínú. Bí oòrùn bá ti dé àtẹ̀gùn kejì lẹ́nu ọ̀nà, á dáwọ́ dúró ni, ìbáà ṣe ìlà kan ṣoṣo ló kù kí aṣọ parí. Á ki igi pẹlẹbẹ náà bọ àárín òwú, á fi òrí pa ìka, á sì jókòó sórí àpótí rẹ̀ kékeré.

"Yèyé, ó ku díẹ̀ kẹ́ ẹ parí!"

"Díẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ jí bá lọ́la. Bí mo bá lo agbára mi tán lónìí, kí ni n ó fi dìde?"

Lójú tèmi nígbà náà, ọ̀lẹ ni. Kí wọ́n pe èèyàn lọ́lẹ sì ni ohun tí mo bẹ̀rù jù láyé, ju abẹ́rẹ́ lọ.

Ìbẹ̀rù yẹn ló kó bá mi lọ́dún kan. Wọ́n ti yàn mí láti ka ẹ̀kọ́ kìíní níbi ìkórè àwọn ọmọdé ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Ní Sátidé tó ṣáájú ìkórè, gbogbo ọmọ ló ń pọn omi, tí wọ́n ń fọ ilẹ̀ ṣọ́ọ̀ṣì, tí wọ́n ń so imọ̀ ọ̀pẹ mọ́ òpó. Ẹni tí kò bá yọjú, orin ni wọ́n ń fi í kọ. Kí wọ́n má baà fi mí kọrin, mo pọn omi bíi pé mo fẹ́ kí kànga gbẹ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, orí bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn ni mo wà, omi ń kán sínú iṣan mi, ọmọ mìíràn ń ka ẹ̀kọ́ mi. Aṣọ funfun tí ìyá mi rán fún mi wà lórí ìṣó nílé. Ilé ìwòsàn náà ni mo ti gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì pé irú àwa tó ní àìsàn yìí kì í pẹ́ láyé.

Nígbà tó di ọdún kejì, wọ́n tún yàn mí. Ìyá mi kọ̀ jálẹ̀. Mo lọ bá Yèyé, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, títí kan ọ̀rọ̀ obìnrin yẹn, tí n kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni rí. Ẹkún gbọ̀n mí. Yèyé kò ní kí n dákẹ́. Ó fà mí mọ́ra, ó ń fọwọ́ pa mí lẹ́yìn.

"Sun ún dáadáa," ló wí. "Ṣùgbọ́n má sun ún dé alẹ́ o, ẹkún náà ń jẹ agbára. Tó o bá sun ún tán, a ó jẹ iyán."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu mi láìròtẹ́lẹ̀. Lẹ́yìn iyán ló tó wá fèsì sí ọ̀rọ̀ obìnrin náà. "Ṣé òun ló ń pín ọjọ́ fún èèyàn ni? Wọ́n ní ìka mi yìí ò ní hunṣọ mọ́. Àwọn tó sọ ọ́, kíjìpá mi ni wọ́n ń dà bora."

Ní ìrọ̀lẹ́, ó ránṣẹ́ pe ìyá mi. "Tíṣà, jẹ́ kó kà á. Ọwọ́ mi ni kó wà lọ́sẹ̀ yìí."

"Bí àìsàn bá tún dá a dùbúlẹ̀ ńkọ́, Yèyé? Ẹ̀yin náà ẹ rí i lọ́dún tó kọjá."

"A ó gbé e lọ sílé ìwòsàn bí a ti ń ṣe. Ṣùgbọ́n bí kò bá kà á, àìsàn mìíràn nìyẹn."

Ìyá mi gbà, ṣùgbọ́n Yèyé ní n kò gbọdọ̀ pọn omi ní Sátidé. Èmi náà wá gbọ́n. Ó ti pẹ́ tí Yèyé ti fẹsẹ̀ kan ṣọ́ọ̀ṣì gbẹ̀yìn, torí orúnkún rẹ̀ kò gba ọ̀nà náà mọ́. Ó sì búra pé òun ò ní gun ọ̀kadà láéláé. Mo ní bí n kò bá pọn omi ní Sátidé, òun náà gbọ́dọ̀ wá gbọ́ mi.

"Orúnkún wo ni mo fẹ́ fi rìn ín?"

"Ẹ má rìn ín tán lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ máa fi díẹ̀ sílẹ̀."

Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ọmọ yìí ti jí ọgbọ́n mi lọ!"

Sátidé dé. Àwọn ọmọ gba ẹ̀yìn fèrèsé kọjá pẹ̀lú korobá lórí, wọ́n ń kọrin: ọ̀lẹ ń sùn, iṣẹ́ ń pè é o. Mo fò dìde, mo gbé korobá. Yèyé ń gbá òwú rẹ̀ lọ. Oòrùn dé àtẹ̀gùn kejì. Ìlà kan péré ló kù lára aṣọ tí oníbàárà ń retí. Ó ki igi bọ àárín òwú, ó jókòó. Mo gbé korobá sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dùn mí gan-an, n kò ní purọ́, ṣùgbọ́n mo lọ jókòó tì í.

Lọ́jọ́ Àìkú, mo wọ aṣọ funfun mi, mo sì dúró níwájú ìjọ lórí ẹsẹ̀ ara mi. Mo ti kà á dé ìdajì nígbà tí mo gbójú sókè. Yèyé nìyẹn lẹ́nu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, lórí àpótí rẹ̀, òógùn bò ó, ó di òpó mú. Lẹ́yìn náà ni mo tó gbọ́ pé kí oòrùn tó yọ ló ti kúrò nílé. Gbogbo fàráńdà tó wà lọ́nà ló jókòó sí. Ó mu tíì nínú ọ̀kan, ó bá wọn ṣàríyànjiyàn nínú èkejì. Ọ̀nà tí àwọn ọmọdé ń sáré rìn tán láìmí kanlẹ̀ gbà á ní gbogbo àárọ̀, ó sì dé. Mo tún kà á sókè sí i.

"Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ kìíní parí sí."

Ẹnikẹ́ni kì í pariwo lẹ́yìn ẹ̀kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa. Yèyé pariwo. "Ọma mi rè é o! Ọma mi ni!" Àlùfáà fi ìwé bojú, ó ń rẹ́rìn-ín. Àwọn tó fi mí kọrin ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́, gbogbo ìjọ sì gbà á. N kò tíì rí ayọ̀ tó tó ti ọjọ́ yẹn.

Yèyé ti lọ sinmi. Èmi ti di télọ̀ ní Àkúrẹ́, ìsọ̀ mi kò jìnnà sí Ọjà Ọba, orí mi sì ti ń hu ewú. Oògùn ilé ìwòsàn mi wà nínú dúrọ́ọ̀, ìgò omi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ. Ìrora ṣì ń wá, ó ń ṣe mí, ó sì ń lọ. Nígbà tó bá le, mo ń pe ìyá mi lórí fóònù, mo ń sun ẹkún mi, n kì í sun ún dé alẹ́.

Lánàá, oníbàárà kan dúró lé mi lórí. "Àǹtí, apá aṣọ kan ṣoṣo ló kù! Ẹ kúkú parí ẹ̀."

Mo pa ẹ̀rọ. Mo jókòó sórí àpótí Yèyé, tí àwọn ọmọ rẹ̀ fún mi, mo sì na ẹsẹ̀.

"Ẹ padà wá lọ́la," ni mo wí fún un. "Ẹ máa bá mi níbí."