Glenys àti Ẹni Ọgọ́rin

Glenys Prowse kì í ṣe ìkà. Ẹ jẹ́ n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, torí ìsọkúsọ ti pọ̀ jù nílùú yìí. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni nígbà tí ìyá rẹ̀ kú. Ó ń se oúnjẹ fún àwọn tó ń rẹ́ irun àgùntàn, iṣẹ́ yẹn ló sì fi tọ́ Merv, àbúrò rẹ̀ kan ṣoṣo, dàgbà. Lẹ́yìn náà ló wá di ẹni tó ń gba orúkọ aláìsàn sílẹ̀ lọ́dọ̀ dókítà ní Mullabree, ìlú wa yìí. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe é, kò fi ọjọ́ kan ṣojúsàájú.

Ìjọba ló ń sanwó dókítà fún wa, ìyẹn ò burú. Àmọ́ àwọn tó jókòó sí olú ìlú ṣòfin pé dókítà tó bá wo aláìsàn ọgọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lóòjọ́, tí irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ bá pé ogún láàárín ọdún kan, á lọ rojọ́. Wọ́n ní wàdùwàdù ló fi ń ṣe é, owó ló ń lé. Ó lè rí bẹ́ẹ̀ níbi tí dókítà pọ̀ sí. Lọ́dọ̀ tiwa, Dókítà Wijeratne nìkan la ní; ẹni tó tẹ̀ lé e, ìrìn wákàtí mẹ́ta nínú ọkọ̀ ni. Ìgbà òtútù ọdún yẹn wá kó ọ̀fìnkìn burúkú wọ̀lú. Kí oṣù kẹjọ tó dé, ọjọ́ mọ́kàndínlógún ti lọ nínú ogún. Ó ku ẹyọ kan péré.

Glenys bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka orí wa. Bí a bá ti ju mọ́kàndínlọ́gọ́rin lọ, á dìde, á bọ́ awò ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin èèyàn mi, a ti pọ̀ jù. Ta ló lè padà wá lọ́la? Ẹni tí ara rẹ̀ bá burú kó sọ o, kó má tijú." Ẹnì kan á sì dìde. Ta ló fẹ́ kí dókítà kan ṣoṣo tá a ní lọ? Àwa ọkùnrin ibí náà la tún wá burú jù: bí ẹsẹ̀ bá gé, a ó ní èékánná ló ya.

Lọ́jọ́bọ̀ kan, èmi ni ẹni kọkàndínlọ́gọ́rin. Ká má purọ́, ìwé ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́ ni mo wá gbà, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Merv wọlé tẹ̀ lé mi, ó ń fọwọ́ ra àyà.

"Kí ló ń ṣe ẹ́?" Glenys bi í.

"Míìtì-páì àná ni. Ó ń bá mi jà."

"Ojú ẹ ò dáa, Merv."

"Ojú mi ò dáa rí, ẹ̀gbọ́n. Ìwọ náà lo tọ́ mi!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Glenys ò rín. "Ṣé o lè dúró dọ̀la? Sọ òótọ́ fún mi."

Merv wo àwọn ọmọdé tó ń wúkọ́, ó wo ìyá arúgbó kan tó ń sùn lórí àga, ó wá wò mí. Mo tẹjú mọ́ bàtà mi.

"Mo lè dúró. Ṣé torí míìtì-páì la ó fi lé dókítà lọ ni?" Ó dé fìlà rẹ̀, ó jáde.

Glenys sọ fún mi lẹ́yìn náà pé ká ní ẹlòmíì ni, òun ì bá ti pe dókítà síta. Àbúrò òun ni, òun sì ń bẹ̀rù kí wọ́n má lọ sọ pé òun ṣojúsàájú. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún lójú rẹ̀.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, ẹnu géètì oko Merv ni wọ́n ti bá òkú rẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ́ńjìnnì ṣì ń ṣiṣẹ́. Ọkàn rẹ̀ ló dá iṣẹ́ dúró. Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta.

Ọjọ́ kejì ìsìnkú, Glenys wà nídìí iṣẹ́. Ẹni ọgọ́rin wọlé, Glenys kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà jáde wá, ó rọra sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, Glenys, ogún pé lónìí o."

"Dókítà, mo mọ̀ ọ́n kà."

Kò tún ní kí ẹnikẹ́ni dìde mọ́. Nígbà tí òtútù fi máa lọ, ọjọ́ mọ́kànlélọ́gbọ̀n la ti pé ọgọ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìwé ìjọba dé. Òfin yẹn gba àwáwí àjàkálẹ̀ àrùn, lóòótọ́, ṣùgbọ́n dókítà fúnra rẹ̀ ló máa lọ ṣàlàyé, aláìsàn kọ̀ọ̀kan, ojú ewé kọ̀ọ̀kan. Ó gba oṣù mẹ́jọ. Wọ́n dá a láre. Kò padà wá, mi ò sì bá a wí.

Ní báyìí, ilẹ̀kùn ibẹ̀ wà ní títì, Glenys sì ń dá jókòó sílé. Wọn kì í kí i mọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Lọ́jọ́ Ẹtì tó kọjá, nílé ọtí, ẹnì kan là á mọ́lẹ̀: "Ìyá yẹn ló lé dókítà wa lọ. Ikú àbúrò rẹ̀ ló ń gbẹ̀san lára wa." Gbogbo wọn ní bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnì kan yíjú sí mi: "Ìwọ náà kúkú wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí Merv wá. Àbí irọ́ ni?"

Mo ní, "Mi ò rántí." Mo bá ní kí wọ́n gbé bíà míì wá.