Sípíkà Tí Tokonami Tú Palẹ̀

Ní àdúgbò wa ní ìlú Kiryū, kò sẹ́ni tí kò mọ Tokonami Sakuji. Òun ló ń tún ẹ̀rọ ìhunṣọ ṣe ní ilé iṣẹ́ aṣọ sílíkì títí ilé iṣẹ́ náà fi kógbá sílé. Fumino, ìyàwó rẹ̀, ń hunṣọ níbẹ̀, ó sì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin wọn.

Tokonami fọwọ́ ara rẹ̀ to ẹ̀rọ amóhùngbilẹ̀ kan, onígílóòbù méjì tó máa ń pọ́n bí ẹyín iná. Wáàtì mẹ́ta péré ni agbára rẹ̀. Ẹ̀rọ tó jẹ́ ẹlẹ́mìí jẹ́jẹ́ báyẹn kì í bá gbogbo sípíkà ṣe. Èyí tí agbára díẹ̀ tó fún láti ké sókè ló ń fẹ́. Tọkọtaya yìí bá la pákó, wọ́n kan méjì tó ga dé èjìká, ẹnu wọn fẹ̀ bàǹbà. Tí wọ́n bá ti tan án, bí ẹni pé akọrin jókòó sórí ẹní ni.

Àìsàn mú Fumino lọ. Ohun tó kù ò ju kásẹ́ẹ̀tì kan tí òun nìkan ti kọrin lọ. Àràárọ̀ ni Tokonami ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ife tíì rẹ̀.

Nígbà tó yá, ohùn náà bẹ̀rẹ̀ sí í wọlẹ̀, bí ẹni pé wọ́n fi aṣọ di obìnrin náà lẹ́nu. Tokonami ní sípíkà ò bá ẹ̀rọ mu mọ́. Ó pààrọ̀ gílóòbù, ó pààrọ̀ wáyà, kò sí àyípadà. Lọ́jọ́ kan inú bí i, ó fi àáké tú sípíkà méjèèjì palẹ̀, ó fi pákó wọn dáná omi ìwẹ̀.

Ebihara, ọ̀rẹ́ rẹ̀, gbọ́, ó gbé sípíkà tirẹ̀ wá.

"Sípíkà gidi báyẹn lo fi dáná! Orí ẹ pé ṣá, Sakuji?"

"Etí tèmi ló ń gbọ́ ọ, kì í ṣe tìẹ. Tan nǹkan yẹn, jọ̀ọ́."

Ebihara so wáyà, ó ti kásẹ́ẹ̀tì bọ ẹ̀rọ, ó jókòó. Kò pẹ́ tí omi fi ń dà lójú rẹ̀.

"Fumino rèé o! Mo ń gbọ́ bó ṣe ń mí kó tó gbé orin!"

Tokonami ń wò ó. "O ti tan án ni?"

Ebihara rò pé àwàdà ni, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Dókítà tí Ebihara mú Tokonami lọ bá ní ariwo ẹ̀rọ ìhunṣọ ló ti jẹ etí rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún pípẹ́, kò sì ní bọ̀ sípò. Ó fún un ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn. Tokonami fi ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wa, àmọ́ tí Fumino bá kọrin, bí ẹni ń fi ìṣó ha agolo ló ń rí létí rẹ̀. Ó ní ká ní òun mọ̀, òun ì bá má fi àáké kan sípíkà yẹn láé.

Ebihara fúnra rẹ̀ ló sọ ìyókù fún mi. Ó ní òun bẹ Tokonami pé kó jẹ́ kí òun máa wá tan kásẹ́ẹ̀tì náà fún un, bóyá á máa rántí.

Tokonami yọ ọ́ nínú ẹ̀rọ, ó tì í bọ àpò.

"Kí ìwọ máa gbọ́ ìyàwó mi, kí èmi máa wò ẹ́ lẹ́nu? Gbé sípíkà ẹ, kó o máa lọ."

Ebihara gbé e. Kò sẹ́ni tó tún kan ilẹ̀kùn ọkùnrin náà.