Tíṣà Tó Ń Fi Pẹ́ńsù Kọ Máàkì

Pẹ́ńsù ni mo fi ń rántí tíṣà obìnrin yẹn. Ìbàdàn ló ti wá sí ilé-ìwé wa l'Érùnmú, láti wò ó bóyá àwọn ọmọ kíláàsì kìíní mọ kọ̀ǹpútà lò. Á gbé fóònù ńlá pẹlẹbẹ kan síwájú ọmọ, á ní kó wá àwòrán ewúrẹ́ kó tẹ̀ ẹ́, á sì fi pẹ́ńsù kọ máàkì. Bí a bá bi í léèrè bóyá ọmọ yege, á ní, "A ṣì ń wò ó."

Mi ò fọkàn tán an. Kí ló fẹ́ pa rẹ́ tó fi ń lo pẹ́ńsù? Mo gbé àpótí, mo jókòó ti fèrèsé wọn.

Ó kan Àbẹ̀kẹ́ ọmọ mi, àbúrò ìwọ tó ò ń bá mi kọ ìtàn yìí sílẹ̀. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, bí àwọn mẹ́ta kan ti ṣe ṣáájú rẹ̀. Tíṣà kọ òdo. Wọ́n sì ní ẹni tó bá gba òdo yóò tún kíláàsì náà kà.

Mo ní, "Tíṣà, àbí ẹ ti ní ẹni tẹ́ ẹ fẹ́ fún ní máàkì?"

Kò bínú. "Màmá, kí lẹ kọ́ ọ nílé?"

"Pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan nǹkan onínǹkan."

"Ẹ bá mi yọ̀ǹda fún un."

Mo ní, "Àbẹ̀kẹ́, fọwọ́ kàn án." Kíá ló tẹ ewúrẹ́, ó tẹ àgùntàn mọ́ ọn.

Tíṣà fi ìdí pẹ́ńsù pa òdo rẹ́. Ó ní òun á pe àwọn mẹ́ta yẹn náà padà, kí n máa lọ sílé.

Mi ò dìde lórí àpótí. Mo ní, "A ṣì ń wò ó."