Rédíò Tí A Háyà

"Ẹ̀rọ yìí kì í ṣe tiyín o, mà. Ilé iṣẹ́ lè wá gbà á nígbàkúgbà tó bá wù wọ́n."

Ọ̀dọ́mọbìnrin tó wá polówó íńtánẹ́ẹ̀tì nílé wa lọ́sẹ̀ tó kọjá ló ka gbólóhùn yìí sí mi létí láti inú ìwé ọwọ́ rẹ̀. Ó ní mo lè háyà ẹ̀rọ náà, kí n máa san díẹ̀díẹ̀ lóṣooṣù, mo sì lè rà á lẹ́ẹ̀kan kó di tèmi. Mo ní kó fún mi láyè kí n rò ó. Kò mọ ohun tí mo fẹ́ lọ rò. Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Ẹdẹ, ilé wa ti ṣe irú ìpinnu yìí rí, mo sì mọ ibi tó já sí.

Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà yóò rántí àsìkò náà. Àwọn ṣójà ló ń ṣèjọba, ìlú sì le koko. A ń tò fún ọṣẹ, a ń tò fún ìrẹsì, a ń tò fún mílíìkì. Ẹni tó bá yà kúrò lórí ìlà, kòbókò ni wọ́n fi ń dá a padà. Ẹ̀kọ mímu tí kò rí ṣúgà la fi ń jí lójoojúmọ́. Káfíńtà ni bàámi, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń kọ́lé, nítorí náà kò sẹ́ni tó nílò ilẹ̀kùn. Gàrí tí màámi ń yan lẹ́yìnkùlé ló ń bọ́ wa. Èmi ni mo máa ń bẹ ẹ̀gẹ́, títí oje rẹ̀ yóò fi gan mọ́ mi níka. Bí mo bá ṣe tán ni mo tó lè lọ ta súwè pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ mi.

Tẹlifóònù kò sí ní àdúgbò wa. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn ní ọ̀nà jíjìn, ẹbí rẹ̀ á lọ sanwó ìkéde ní ilé iṣẹ́ rédíò. Lẹ́yìn ìròyìn ìrọ̀lẹ́, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ á pe orúkọ ẹni tí wọ́n ń wá, pé kí lágbájá máa bọ̀ nílé kíákíá. Ìyá tó bí màámi, tí gbogbo wa ń pè ní Ìyá Àgbà, ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n màámi ọkùnrin nínú oko kòkó kan lẹ́bàá Oǹdó. Wọ́n ti darúgbó, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Tìtorí wọn ni màámi ṣe ní dandan ni kí rédíò wà nílé wa.

Bàámi fẹ́ kí a mú sùúrù, kí a tọ́jú owó, kí a ra tiwa. Wọ́n ní, "Àgbàbọ̀ ṣòkòtò kì í yẹni, bí kò bá fúnni lẹ́sẹ̀, a ṣoni."

Màámi ò tilẹ̀ gbójú sókè nídìí asẹ́. "Ẹni tí kò ní ṣòkòtò rárá ńkọ́, Bàbá Fọlákẹ́? Ṣé kó máa rìn níhòhò títí owó aṣọ yóò fi pé ni?"

Bàámi bú sẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ sì tán. A máa háyà.

Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ tó ń tún rédíò ṣe ló fún wa ní ọ̀kan. Bí àwa ọmọdé ti ń háyà kẹ̀kẹ́ ológeere fún eré, bẹ́ẹ̀ ló ń fi rédíò háyà fún àwọn àgbà, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Kò sí ìwé, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni. Màámi hun ìbòrí olówùú funfun kan fún un, wọ́n sì gbé e ka orí tábìlì tí bàámi kàn. Bí mo bá fọwọ́ kàn án, mo máa kúnlẹ̀ kọjú sógiri, ọwọ́ mi méjèèjì lókè. Iṣẹ́ tèmi ni kí n to bátìrì sóòrùn bó bá ti ń rẹ̀ ẹ́, kí n máa yí i padà bí ẹni ń sá ẹja, kó lè tún mí díẹ̀ sí i. Ní ìrọ̀lẹ́, àwọn aládùúgbò á gbé àpótí wá, wọn á jókòó yí wa ká. Inú màámi máa ń dùn. A di ilé tí wọ́n ti ń gbọ́ ọ̀rọ̀.

Mo gbọ́dọ̀ sọ ohun mìíràn kí n tó tẹ̀ síwájú. Ní àkókò náà, mo sọ fún ọ̀rẹ́ mi kan pé ata àti iyọ̀ nìkan la fi jẹ ẹ̀bà lálẹ́ ọjọ́ kan. Ọ̀rọ̀ náà dé etí màámi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi yan gàrí odidi àpò kan tán. "Ọ̀rọ̀ ilé kì í wọ̀de, Fọlákẹ́." Mo gbọ́ ọ, kò sì kúrò lọ́kàn mi.

Ọjọ́ Ajé kan ni Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ dé. Bàámi ti lọ wáṣẹ́ ní Òṣogbo.

"Màmá Fọlákẹ́, ẹ kú ilé o. Rédíò ni mo wá mú."

"Ta ló ní kí o wá mú un? A ti san ti ọ̀sẹ̀ yìí."

"Ẹ ti san án, mà. Owó yín rèé. Agbaṣẹ́ṣe kan ló ń gba àlejò, ó fẹ́ èyí tó dún dáadáa. Tó bá di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, n óò gbé e padà fún yín."

"Jímọ̀, ṣé bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyí?"

"A ò sọ bẹ́ẹ̀, mà, a ò sì sọ pé kò ní rí bẹ́ẹ̀. Ohun mi ni mo wá mú."

Ó rọra ká ìbòrí náà, ó fi lé màámi lọ́wọ́, ó gbé rédíò rẹ̀ lọ. Màámi wá agolo bísíkíìtì kan tó ṣófo, wọ́n gbé e sórí tábìlì, wọ́n fi ìbòrí funfun bò ó. Láti ojú ọ̀nà, kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Wọ́n sọ fún àwọn tó ń gbé àpótí wá nírọ̀lẹ́ pé orí ń fọ́ àwọn, àwọn ò fẹ́ ariwo. Wọ́n wá yíjú sí mi: "Bí ẹnikẹ́ni bá bi ọ́, à ń gbọ́ rédíò. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́, mà.

Ní ọjọ́bọ̀, mo lọ pọnmi. Ìyá Ràfíù tí ilé wọn kọjú sí tiwa bá mi nídìí ẹ̀rọ omi. Wọ́n ti gbọ́ rédíò ní ṣọ́ọ̀bù àbúrò ọkọ wọn.

"Fọlákẹ́, ṣé ìyá rẹ gbọ́ rédíò nírọ̀lẹ́ àná?"

"Wọ́n gbọ́, mà."

"Wọ́n gbọ́ ìkéde yẹn?"

Mo rántí ìkúnlẹ̀. "Wọ́n gbọ́ gbogbo ẹ̀, mà."

Wọ́n mí kanlẹ̀. "Kí Ọlọ́run mú un rọrùn. Sọ fún wọn kí wọ́n má dá rìn o." Wọ́n gbé omi rù mí. Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n lọ sí oko wọn ní Alájùẹ́ lọ wa iṣu. Èmi ò mọ ìkéde tí wọ́n ń sọ, n kò sì bèèrè. Kí n tó délé, súwè ti gbà á kúrò lọ́kàn mi.

Ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó tẹ̀ lé e, Ìyá Ràfíù ti oko dé, wọ́n ru iṣu. Wọ́n bá màámi nídìí agbada gàrí.

"Ìyá Fọlákẹ́! Ìgbà wo lẹ dé?"

"Dé láti ibo?"

"Láti Oǹdó ńkọ́! Màmá ńkọ́? Ara wọn ti yá?"

Igbá tí màámi fi ń ro gàrí dúró sójú kan. Ìyá Ràfíù sọ iṣu kalẹ̀, wọ́n ṣàlàyé: rédíò pe orúkọ màámi, ó ní kí wọ́n máa bọ̀ kíákíá, pé ìyá wọn ń retí wọn. Ìyá Ràfíù wá wò mí. Wọ́n gbójú kúrò, wọn ò sì sọ ohun tí mo wí fún wọn. Ibẹ̀ ni gàrí ti jó. Títí di òní, bí mo bá gbóòórùn gàrí tó jó, mo máa ń jókòó.

Màámi kúrò nílé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì dé oko ní ọjọ́rú. Wọ́n ti sin Ìyá Àgbà láti ọjọ́ Àìkú. Ẹ̀gbọ́n wọn ní ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìkéde náà jáde, ìrọ̀lẹ́ mẹ́ta léra wọn, àti pé Ìyá Àgbà ní kí wọ́n gbé ẹní àwọn sẹ́nu ọ̀nà, níbi tí àwọn yóò ti máa rí ọkọ̀ tó bá ń bọ̀. "Gbogbo Ẹdẹ gbọ́. Ìwọ nìkan ni etí rẹ di?" Ọ̀pọ̀ ọdún kọjá kí òun àti màámi tó tún jọ jẹun pọ̀.

Bọ̀ọ̀dá Jímọ̀ gbé rédíò padà wá lọ́sẹ̀ náà, bó ti wí. Bàámi ní kó máa gbé e lọ. Wọ́n ta ayùn wọn tó dára jù, wọ́n ra rédíò kékeré kan. N kò ní parọ́ fún yín pé ìyẹn tán ìṣòro. Bátìrì wọ́n lọ́jà, tiwa náà sì jókòó láìfọhùn fún oṣù méjì gbáko. Ṣùgbọ́n a mọ̀ pé kò fọhùn, a sì ń lọ gbọ́ ìkéde lọ́dọ̀ ẹlòmíràn.

Ìgbà tí mo bí àkọ́bí mi ni mo tó jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ ìdí ẹ̀rọ omi fún màámi. Wọ́n ń wẹ ọmọ lọ́wọ́. Wọn ò dáwọ́ dúró.

"Mo mọ̀. Ìyá Ràfíù ti sọ fún mi lọ́dún náà. Ṣé ìwọ lo kọ́ ara rẹ ni? Èmi ni mo kọ́ ọ."

Ọmọ tí wọ́n ń wẹ̀ lọ́jọ́ náà ti wà lókè òkun báyìí, orí íńtánẹ́ẹ̀tì la ti ń rí ojú ara wa. Nígbà kan, ìkéde máa ń lo odidi ọjọ́ kí ó tó dé. Lónìí, kò gba ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ti yí padà, ṣùgbọ́n ẹni tó ni í ṣì lè wá sọ pé ohun òun lòun wá mú. Mo ti ra ẹ̀rọ náà. Bó bá bàjẹ́, èmi ni n óò tún un ṣe, mo sì mọ̀ bẹ́ẹ̀.

Háyà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ọwọ́ gbogbo wa kò dọ́gba. Ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún kò pọ̀. Kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ bèèrè ìgbà tí wọ́n lè gbà á, àti iye ọjọ́ tí wọn yóò fi sọ fún yín ṣáájú, kí ẹ sì jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọ́n bá sì gbà á lọ́wọ́ yín, ẹ sọ fún àwọn ọmọ yín àti aládùúgbò pé kò sí mọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fi aṣọ bo àyè rẹ̀.