Ọmọ Ìyá Mi Tó Sọ Mí Di Ayálégbé

Bí ẹ̀gbọ́n tí mò ń bá gbé ní Peckham, ní London, bá sín, ará àdúgbò Lewisham á kí wọn kú ewu. Ìlú kan náà la ti wá, a ò bára tan, ṣùgbọ́n "ọmọ ìyá mi" ni wọ́n ń pè mí láti ogún ọdún.

Nígbà tí wọ́n fẹ̀yìntì, ilé iṣẹ́ wọn ní àwọn á máa tọ́jú ìlera wọn àti ti ẹbí tí wọ́n jọ ń gbé. Orúnkún mi tó ń ké bí ilẹ̀kùn gbọ́, ó dákẹ́.

Mo yọjú wo fọ́ọ̀mù tí wọ́n ń kọ fún ilé iṣẹ́ náà. Níwájú orúkọ mi, "ayálégbé" ni wọ́n kọ.

"Èmi, ẹ̀gbọ́n?"

"Àbúrò, a kì í purọ́ sínú ìwé òyìnbó."

Lánàá wọ́n tún ké láti kíṣìnì: "Ọmọ ìyá mi, tíì ti wà nílẹ̀!"

Mo ní, "Ayálégbé ń bọ̀, sà."