Fábíyìí Ògbufọ̀ àti Abọ́ Ìkókoré

Bí ẹ bá dé Ṣàgámù lónìí, tí ẹ béèrè ẹni tó dojú kọ ṣọ́jà láyé ìjọba ológun, Fábíyìí ni wọn yóò júwe fún yín. Òun fúnra rẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ júwe ara rẹ̀. Èmi Àbẹ̀bí ni mo ń ta tíkẹ́ẹ̀tì lẹ́nu ọ̀nà ilé sinimá Alájì Sàídì ní àdúgbò Ìbídó fún ọdún mẹ́sàn-án, ìṣojú mi sì ni gbogbo rẹ̀ ṣe. N ó sọ bó ṣe rí, torí mi ò lè máa gbọ́ irọ́ kan náà títí n ó fi kú.

Iṣẹ́ ògbufọ̀ ni Fábíyìí ń ṣe. Fíìmù Ṣáínà àti ti Íńdíà ló pọ̀ jù lọ́dọ̀ wa nígbà yẹn, kò sì sí ẹni tó gbọ́ èdè kankan nínú méjèèjì. Fábíyìí ni yóò dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ aṣọ funfun tí àwòrán ń hàn lára rẹ̀, yóò di gbohùngbohùn mú, yóò sì máa sọ ohun tí wọ́n ń wí fún wa ní Yorùbá. Ẹ má bi mí bóyá ó gbọ́ èdè náà. Ẹni tí kò rìn kọjá Ìkòròdú rí, ibo ni yóò ti gbọ́ Ṣáínà? Ohun tó bá wù ú ló ń sọ. Bí àwọn ará Ṣáínà bá ń jà, á ní oko obì ni wọ́n ń jà sí, pé bàbá ẹni tó wọ dúdú ló lọ gé igi obì àbúrò rẹ̀ ní Ìrólú. Bí ọmọge Íńdíà bá ń sunkún, á ní wọ́n fẹ́ fi í fún arúgbó kan ní Ìpẹ̀rú ni. A mọ̀ pé irọ́ ni, ṣùgbọ́n irọ́ rẹ̀ dùn ju fíìmù lọ. Bó bá sì ti pa á tán, á na ọwọ́ sí wa, á ní, "Àbí irọ́ ni mo pa?" Gbogbo ilé á dáhùn pé, "Òótọ́ ni!" Àwọn kan tilẹ̀ wà tó jẹ́ pé torí ìdáhùn yìí nìkan ni wọ́n ṣe ń wá.

Kò ga, kò sì lágbára, ṣùgbọ́n bó bá ti di gbohùngbohùn mú, àyà rẹ̀ á wú. Kóòtù pupa kan wà tó máa ń wọ̀ síṣẹ́, ó ní òyìnbó kan ló fi ta òun lọ́rẹ. Mo mọ ìyá tó ta òkìrìkà náà fún un. Ẹnìkan ṣoṣo ni Fábíyìí ń bẹ̀rù láyé, ìyẹn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, Adétóun, tó lọ́kọ sí Ìkẹ́nnẹ́. Òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Kì í pariwo, kì í sì í bú èèyàn. Bó bá ti wo Fábíyìí lójú báyìí, irọ́ á gbẹ lẹ́nu rẹ̀.

Owólabí ni ọkọ Adétóun. Tíṣà ni, ọmọ ìjọ Áńgílíkà, ẹni tó jẹ́ pé bó bá fẹ́ bá ọ wí, á kọ́kọ́ tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ. Ní ọdún 1985, nígbà tí àwọn ológun ń fi kóbókò tò wá sórí ìlà bí ọmọ ilé ìwé, Owólabí dìde níbi ìpàdé àwọn tíṣà. Ó ní kí ṣọ́jà padà sí bárékè, kí aráàlú dìbò yan ẹni tó wù wọ́n. Gbólóhùn méjì péré ló sọ. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wá gbé e. Ilé kan tí àwọn ṣọ́jà gbà lẹ́yìn ìlú Ṣàgámù ni wọ́n tì í mọ́, wọn ò sì sọ ìgbà tí yóò jáde.

Láti ọjọ́ náà ni Adétóun ti ń wọ bọ́ọ̀sì láti Ìkẹ́nnẹ́ wá sí Ṣàgámù lójoojúmọ́, òun pẹ̀lú abọ́ tánganran kan tó fi aṣọ dì. Ìkókoré ló máa ń wà nínú rẹ̀, torí ìyẹn ni Owólabí fẹ́ràn jù, á sì fi ẹja gbígbẹ sí i dáadáa. Á dúró ní géètì. Nígbà mìíràn wọ́n á gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nígbà mìíràn wọ́n á ní kó máa gbé ẹrù rẹ̀ lọ. Bí wọ́n bá lé e, á yà sọ́dọ̀ wa ní ilé sinimá, á jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì mi kó tó wá ọkọ̀ padà sílé. Kò wọlé wo fíìmù rí.

Ní oṣù kẹfà ọdún náà, Alájì Sàídì gba fíìmù tuntun láti Èkó. Ọkọ̀ ogun àti ìbọn ló wà lára pátákó ìpolówó rẹ̀. Inú Alájì dùn, ó ní fíìmù ìjà ni, ó ní kí a gbé pátákó náà síta ní Jímọ̀ fún àwọn tí yóò wá ní Sátidé. Àárọ̀ Sátidé ni Ebenezer, ẹni tó ń yí ẹ̀rọ fún wa, wá gbé fíìmù náà sí i kí a lè yẹ̀ ẹ́ wò. Ilẹ̀ òyìnbó kan tí wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti ṣe é, ṣùgbọ́n kò gba ògbufọ̀ rárá. Àwọn ṣọ́jà gbàjọba, wọ́n sì ń kó èèyàn lọ sẹ́wọ̀n. Àwọn ọmọ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ tú síta, wọ́n ní àwọn ò fẹ́ ológun mọ́. Wọ́n yìnbọn fún wọn, wọn ò sá. Níkẹyìn, ọ̀gágun wọn gun ọkọ̀ òfuurufú, ó sá lọ. Nígbà tí iná padà tàn, Alájì ti làágùn dé ìgbáròkó.

"Ẹ jẹ́ ká fi ti Íńdíà rọ́pò rẹ̀," ni mo wí.

Alájì mi orí. "Kò ṣe é ṣe mọ́. Ọ̀gá ṣọ́jà ti rí pátákó, ó ní òun ń bọ̀ wá wò ó ní agogo mẹ́rin. Bí mo bá gbé e kúrò, á béèrè ìdí. Bí mo bá sì fi í hàn án, á ti ilé yìí, á tì mí mọ́ ọn."

Fábíyìí tún kọ́là kóòtù rẹ̀ ṣe. "Alájì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣebí ohun tí mo bá sọ ni wọ́n ń gbọ́? N ó ní adigunjalè ni gbogbo àwọn tó tú síta yẹn, pé ṣọ́jà wá gba ìlú lọ́wọ́ wọn ni."

"Ṣé àwọn èèyàn ò lójú ni?" ni mo bi í.

"Àbẹ̀bí, ọdún mọ́kànlá ni mo ti wà lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Mo ti sọ Ṣáínà di ará Ìrólú, ẹnìkan ò sì bi mí."

Kí n má purọ́, mo rò pé yóò ṣe é ṣe. Kò sì sí ìkankan nínú wa tó rántí Owólabí tó wà ní àtìmọ́lé, àfi bóyá Fábíyìí rántí, tó sì gbé e mì.

Kó tó di agogo mẹ́rin, ilé ti kún. Ọ̀gá ṣọ́jà dé pẹ̀lú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ méjì, Alájì sì fúnra rẹ̀ nu àga iwájú fún un, ó gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù tì í. Ọmọ Yorùbá bíi tiwa ni ọ̀gá náà. Ìyẹn gan-an ló burú níbẹ̀, torí kò sí ọ̀rọ̀ tí a lè fi pamọ́ fún un.

Wọ́n ti pa iná tán nígbà tí Adétóun dé. Mo wo abọ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ṣì wúwo. Wọ́n ti tún lé e padà. Mo ti gbé bẹ́ǹṣì mi wọlé fún àwọn èrò, kò síbi tí yóò jókòó sí níta, ó sì ti rẹ̀ ẹ́. Kí ni ǹ bá sọ fún un? Ó wọlé, ó jókòó sí ìdí ọ̀nà àárín, ó gbé abọ́ lé ẹsẹ̀. Fábíyìí kò rí i.

Fábíyìí bẹ̀rẹ̀. Ó ní ìlú kan wà tí olè ń da ibẹ̀ láàmú, àfi bí Ọlọ́run ṣe fi ṣọ́jà ta wọ́n lọ́rẹ. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tú síta pẹ̀lú pátákó lọ́wọ́, ó ní àwọn olè ló ń lọ sóde yẹn, pé orúkọ ilé tí wọ́n fẹ́ jà lólè ni wọ́n kọ sára pátákó kí wọ́n má baà gbàgbé. Ó na ọwọ́ sí wa. "Àbí irọ́ ni mo pa?"

Kò sẹ́ni tó dáhùn.

Fábíyìí rò pé gbohùngbohùn ló kú, ó fi ìka lù ú. "Mo ní, àbí irọ́ ni mo pa?" Ẹnìkan wúkọ́ lẹ́yìn. Láti ọjọ́ tí mo ti dé ibẹ̀, ilé yẹn kò dákẹ́ rí. A ti gba irọ́ oko obì, a ti gba ti arúgbó Ìpẹ̀rú, ṣùgbọ́n èyí há wa lọ́fun. Ta ni nínú wa tí wọn ò fi kóbókò tò sórí ìlà rí?

Ọ̀gá ṣọ́jà yí ọrùn padà wò wá. "Kí ló dé tí wọn ò dá ọ lóhùn?"

"Oorun ló ń kùn wọ́n, sà," ni Fábíyìí wí. Agogo mẹ́rin ààbọ̀ ọ̀sán ni o.

Bó ṣe ń sọ ọ́ lọ́wọ́ ni obìnrin kan yọ nínú fíìmù. Ó gbé ẹrù kékeré kan tó fi aṣọ dì, ó dúró ní géètì ẹ̀wọ̀n, ṣọ́jà kan sì ń tì í sẹ́yìn. Ẹnu Fábíyìí ti ń yára nígbà yẹn, ẹ̀rù ló sì ń sáré lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Ẹ wo ìyàwó olè. Ìbọn ló dì sínú aṣọ yẹn, ó gbé e wá fún ọkọ rẹ̀."

"Fábíyìí."

Adétóun kò pariwo, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí kò gbọ́ ọ. Ó ti dìde. Iná ẹ̀rọ bà á, òjìji rẹ̀ sì hàn lára aṣọ funfun náà, òun àti abọ́ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ obìnrin inú fíìmù. Mo wo Fábíyìí. Kóòtù pupa náà dà bí ohun tí wọ́n so kọ́ sára ìṣó.

"Kí ni obìnrin yẹn gbé dání?" ni Adétóun bi í.

Fábíyìí di kọ́là kóòtù rẹ̀ mú.

"Ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí ló gbé dání?"

"Oúnjẹ ni, ẹ̀gbọ́n mi." Ó gbàgbé pé gbohùngbohùn ṣì wà lẹ́nu òun. Gbogbo Ìbídó ló gbọ́.

"Ta ló gbé e wá fún?"

"Ọkọ rẹ̀ ni."

"Kí ni ọkọ rẹ̀ jí?"

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ni òótọ́ ń bá a. Ti Fábíyìí kò tilẹ̀ tó ogún. Ó wo ọ̀gá ṣọ́jà, ó wo Alájì, ó sì padà wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Kò jí nǹkan kan," ló wí.

Kò na ọwọ́ sí wa, kò sì bi wá bóyá irọ́ ni òun pa. Àwa la dá a lóhùn fúnra wa. "Òótọ́ ni!" Páànù òrùlé gbọ̀n. Èmi tí mo wà lẹ́nu ọ̀nà náà wí bẹ́ẹ̀, mi ò sì mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Ọ̀gá ṣọ́jà ní kí wọ́n tan iná. Kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn fi ìka pe Fábíyìí, ó ní, "Ògbufọ̀, máa bọ̀." Fábíyìí tẹ̀ lé e bí àgùntàn. Ẹ fi ọkàn sí i dáadáa, torí yóò sọ fún yín pé òun di ọrùn ọ̀gá náà mú.

Ní ìta, wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ kí Adétóun tó dé ọ̀dọ̀ wọn. Ó na abọ́ tánganran náà sí i. "Lẹ́ẹ̀kan, wọ́n ní kí n máa gbé e lọ. Ìwọ ń wọlé báyìí. Bá mi gbé e fún Owólabí." Ọ̀gá ṣọ́jà wo abọ́, ó wo Adétóun, ó sì gbé ojú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ọkọ̀ lọ.

Wọ́n ti ilé sinimá náà pa, títí di òní. Alájì di oníṣòwò sìmẹ́ńtì. Fábíyìí lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní àtìmọ́lé kí wọ́n tó tú u sílẹ̀. Ti Owólabí di ìparí oṣù kẹjọ, nígbà tí ṣọ́jà mìíràn gbàjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà ti tẹ́lẹ̀, tí èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sì fẹ́ ká kọ́kọ́ fẹ́ràn òun ná.

Lẹ́yìn ìdúpẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì, a jókòó nílé Owólabí ní Ìkẹ́nnẹ́, Adétóun sì ń bu oúnjẹ. Fábíyìí ti wọ kóòtù pupa rẹ̀. Ó ní torí kí wọ́n lè tú Owólabí sílẹ̀ ni òun ṣe ń pe àwọn èèyàn fíìmù yẹn lólè.

"Ta ló ṣèlérí bẹ́ẹ̀ fún ọ?" ni Adétóun bi í.

Kò sẹ́ni tó ṣèlérí. Fábíyìí yára fò ó, ó bọ́ sórí bó ṣe di ọ̀gá ṣọ́jà lọ́rùn mú, bí ọ̀gá náà ṣe ń bẹ̀ ẹ́. Ó na ọwọ́ sí wa. "Àbí irọ́ ni mo pa?" Oúnjẹ wà níwájú wa, inú wa sì dùn, a ní òótọ́ ni.

Owólabí ń fọ ọwọ́. Ó ti gbẹ, ṣùgbọ́n ìwà rẹ̀ kò yí padà. "Àna mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ forí jì mí," ló wí. "Ìkókoré tí ẹ gbé wọlé fún mi lọ́jọ́ yẹn, ó dé ọwọ́ mi, mo sì jẹ ẹ́. Mi ò gbàgbé rẹ̀ láé. Ṣùgbọ́n kò sí ẹja nínú rẹ̀."

Adétóun dáwọ́ dúró, ó wo àbúrò rẹ̀ lójú. Ẹnu Fábíyìí gbẹ. Ó tẹjú mọ́ ilẹ̀.

"Ẹ̀rù ló bà mí," ló wí. "Mi ò mọ ohun tí mo lè ṣe nínú ọkọ̀ yẹn. Mo bá ń jẹ ẹja."

"Òótọ́ ni," ni Adétóun wí. Ó sì bu ẹja méjì lé oúnjẹ rẹ̀.